Omi ń bá láká jáde nínú gọ́ọ̀nù tí mo fi ń fín láká, àyà mi sì ń fún mi lálẹ́: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè

Ẹ káàsán o ẹ̀gbọ́n. Kápẹ́ńtà ni mí, Ìgbógbó níbí ní Ìkòròdú ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti fóòmù kun láká, àmọ́ àwọn kọ́sítọ́mà ìsìnyí, kábíńẹ́ẹ̀tì tó ń dán bíi dígí ni wọ́n ń fẹ́, wọ́n á ní àwọn rí i lórí fóònù. Bí mo ṣe lọ ra kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ 2HP onílítà 50 nìyẹn, pẹ̀lú gọ́ọ̀nù tòkunbọ̀ kan tí kọ́ọ̀pù ẹ̀ wà lókè. Ẹ̀gbọ́n, ojú mi rí nǹkan. Ibì kan á rí kókókó bí èèpo ọsàn, ibì kan á ṣàn wálẹ̀ bí àbẹ́là, ibòmíì á lu ihò róbótó-róbótó bí ojú ẹja, lọ́jọ́ tí òjò bá sì rọ̀ láká náà á funfun bíi pé mo da ẹ̀kọ sí i lára. Àwọn kan ní kí n gbé píréṣọ̀ sókè, àwọn kan ní kí n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí mo ní náà, tí mo bá ti so kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ mọ́ ọn báyìí, ńṣe ló ń kú.

Nǹkan míì ni pé láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó bá ti di alẹ́, àyà mi á máa fún mi, màá máa wúkọ́. Inú sítọ́ọ̀ ẹ̀yìn ni mo ti ń fín in kí eruku má bàa bà lé e, mo sì ń wọ nósìmáàsìkì tí a lò nígbà kòrónà. Wọ́n ní kí n máa mu mílíìkì, mo ń mu ún, kò yàtọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìdáhùn

Àbúrò, èyí tó yẹ kó o fi ṣáájú lo fi ṣe ìkẹyìn. Ọ̀rọ̀ àyà ẹ ni ká kọ́kọ́ sọ, kábíńẹ́ẹ̀tì ò ní sá lọ. Jọ̀ọ́, má fín nǹkan kan nínú sítọ́ọ̀ yẹn mọ́, ì báà jẹ́ ojú dúrọ́ọ̀ kan ṣoṣo. Mò ń fín mọ́tò, mò ń fín fọ́níṣọ̀, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀ ní Agric níbí, ohun tí mo sì rí ni pé afẹ́fẹ́ ni gbogbo wàhálà iṣẹ́ yìí, èyí tó ń wọ inú gọ́ọ̀nù àti èyí tó ń wọ imú ẹni tó dì í mú. Ìwọ ò tíì tọ́jú ìkankan nínú méjèèjì, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ ò fi jáde tí àyà náà sì ń dà ọ́ láàmú.

Mílíìkì ò lè ṣe é. Ọ̀nà ọ̀fun méjì ni, mílíìkì ń gba ọ̀nà oúnjẹ lọ sí ikùn, òórùn tínà ń gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, níbo ni wọ́n ti fẹ́ pàdé? Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, tó bá ti fín mọ́tò tán, á rán ọ̀kan nínú wa lọ ra mílíìkì alágolo, á lu ihò méjì sí i lórí, á dà á mu tán lóòró. Gbogbo ọdún tí mo fi wà lọ́dọ̀ wọn ni mo fi gbọ́ ikọ́ wọn láàárọ̀. Tó bá wù ẹ́, máa mu mílíìkì ẹ, oúnjẹ ni, àmọ́ má kà á sí oògùn.

Nósìmáàsìkì kòrónà yẹn, eruku ló lè dá dúró, òórùn tínà ń gbà á kọjá bí omi ṣe ń gba asẹ́ kọjá. Èyí tó o máa rà ni máàsìkì onírọ́bà tó bo imú àti ẹnu, tó ní agolo kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Èédú tí wọ́n dìídì ṣe fún un ló wà nínú agolo yẹn, òun ló ń fa òórùn kẹ́míkà mu, kó o sì rí i pé ó ní fílítà pẹlẹbẹ kan lórí tó máa gba ìkuukùu láká. Tó o bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, sọ pé ti pẹ́ńtì lo fẹ́, kí wọ́n má fún ẹ ní ti símẹ́ǹtì. Bó o bá wọ̀ ọ́ tán, fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì dí ojú agolo yẹn, kó o fa èémí sínú, ó yẹ kí máàsìkì náà fà mọ́ ẹ lójú pinpin. Tó o bá gbọ́ tí afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọlé, tún okùn ẹ̀ so. Irùngbọ̀n náà ńkọ́? Má bínú, wàá gé e, torí rọ́bà ò lè lẹ̀ mọ́ awọ níbi tí irun bá wà. Ọjọ́ tó o bá ti ń gbóòórùn tínà nínú máàsìkì, agolo ti kún nìyẹn, pààrọ̀ ẹ̀. Má sì fi kọ́ sára ìṣó lẹ́yìn iṣẹ́ o! Èédú yẹn ò mọ̀ pé o ti ṣíwọ́, á ṣì máa fa òórùn inú ṣọ́ọ̀bù mu ní gbogbo òru, inú ike tó ní ìdérí tó dé dáadáa ni kó máa sùn.

Ẹ̀wẹ̀, láká tó ò ń lò yìí, ṣé NC lásán tí a ń fi tínà pò ni àbí èyí tí wọ́n ń da hádínà, kẹ́míkà tó ń mú kó le, mọ́? Tó bá jẹ́ NC, máàsìkì eléèédú yẹn àti ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ á ṣe é fún ẹ. Àmọ́ tó bá jẹ́ 2K tàbí PU tó ní hádínà, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Kẹ́míkà kan wà nínú hádínà yẹn tí wọ́n ń pè ní isocyanate, imú èèyàn kì í gbóòórùn ẹ̀ kó tó ṣe jàǹbá, ìyẹn ni pé agolo èédú lè ti kún tí o ò ní mọ̀. Ó ń fa ásímà, tó bá sì ti mú èèyàn bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá tún fẹ́ sí i lọ́jọ́ míì, àyà á tún dì gbagidi. Àwọn tó ń fín in bó ṣe yẹ, máàsìkì tó ní hóòsì tiẹ̀ tí afẹ́fẹ́ mímọ́ ń gbà wá láti ìta ni wọ́n ń wọ̀. Èmi alára, tí iṣẹ́ 2K bá wọlé, mò ń gbé e lọ fún ẹnì kan tó ní yàrá ìfínọ̀dà ni, a jọ ń pín owó ẹ̀, mi ò kà á sí àbùkù rárá.

Lọ sí jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú lọ́sẹ̀ yìí. Má kàn sọ fún dókítà pé ò ń wúkọ́, ya fọ́tò ara agolo láká àti ti tínà dání, kó o sọ pé òun lò ò ń fín láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pé alẹ́ ló ń ṣe ẹ́. Tí wọn ò bá mọ iṣẹ́ tó ò ń ṣe, oògùn ikọ́ lásán ni wọ́n máa kọ fún ẹ. Tó o bá ní ọmọ kékeré tó máa ń wá bá ẹ ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilé ìwé, kó yáa máa lọ sílé tààrà lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ fín nǹkan.

Sítọ́ọ̀ yẹn kan náà, ewu iná wà níbẹ̀. Gáàsì tó ń ti ara tínà jáde wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, kì í fò lọ sókè, ilẹ̀ ló ń rá bí ejò, á gba abẹ́ ìlẹ̀kùn jáde, á máa wá iná kiri. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ iṣẹ́, ọ̀gá kan tí mo lọ bá ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì ní ká bá òun fín pósí kan tí wọ́n máa wá gbé ní àárọ̀ Furaidé. Òjò ń rọ̀, a ti fèrèsé, a ti ìlẹ̀kùn dé ìdajì, jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ń dún. Mo ṣì di gọ́ọ̀nù mú, mo kàn gbọ́ "fùúù", iná búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ilẹ̀ẹ́lẹ̀ wọlé wá bá wa bí ẹni pé wọ́n rán an. Ó jó gbogbo irun apá mi, ó jó sòkòtò ẹnì kejì mi dé orúnkún, iyanrìn tí wọ́n kó síta fún bíríkìlà la fi pa á. Pósí náà jó. Òru ọjọ́ náà la kan òmíràn, búrọ́ọ̀ṣì la fi kùn ún.

Nítorí náà ìta ni, abẹ́ òrùlé tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣí sílẹ̀. Fi tapólì bo ẹ̀gbẹ́ méjì, tó bá jẹ́ eruku lò ń sá fún, wọ́n omi sílẹ̀ dáadáa kó o tó bẹ̀rẹ̀, eruku tó bá bọ́ sórí omi ò dìde mọ́. Dúró kí atẹ́gùn máa ti ẹ̀yìn ẹ fẹ́ lọ síwájú. Tó o bá fẹ́ lo fáànù, ẹ̀yìn ẹ ni kó wà kó máa ti afẹ́fẹ́ mímọ́ bọ̀, má gbé e sí iwájú kó máa fa ìkuukùu láká gba inú mọ́tò ẹ̀ kọjá, torí inú mọ́tò yẹn lè ta pàrà. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fúnra ẹ̀ náà ń ta iná nígbàkúùgbà tí súwíìṣì ẹ̀ bá tan ara ẹ̀, òun àti jẹnẹrétọ̀, ọ̀nà jíjìn ni kí wọ́n wà, ní ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. Lọ wo ìyá tó ń dín àkàrà lápá ibi tí atẹ́gùn ń lọ, tó bá wà, bẹ̀ wọ́n, tàbí kó o dúró kí wọ́n dín tán. Garawa iyanrìn méjì àti ẹ̀rọ apáná oníyẹ̀ẹ̀fun kan, jẹ́ kí wọ́n wà ní ibi tí ọwọ́ ti lè tó wọn.

Ó yá, ká wá wọ ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀nù.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn, èyí tí a ń pè ní "I pass my neighbour", kì í sábà ju wáàtì 800 lọ. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ 2HP, tó bá ti ń yí, nǹkan bíi wáàtì 1,500 ló ń jẹ, àmọ́ nígbà tó bá fẹ́ gbéra ó lè fà tó ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò lè gbé e láé, o kàn máa jó kọ́ìlì ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ni. Wá èyí tó tó bíi 4.5 kVA sókè, o lè máa háyà ẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́. Iná NEPA tó bá rẹlẹ̀ náà, tí gílóòbù ń pọ́n bí iná àtùpà, má tan kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ sí i. Tí púlọ́ọ̀gì bá jìnnà, hóòsì ni kó o fi gùn ún, má fi wáyà ẹksiténṣọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ gùn ún.

Omi. Ìkòròdú la wà, ọ̀sà wà nítòsí, afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú gan-an tutù rinrin. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á gbá afẹ́fẹ́ yẹn jọ, á fún un mọ́ra, á gbóná. Tó bá wá tutù nínú táńkì, omi inú ẹ̀ á já sílẹ̀, bí ó ṣe máa ń sẹ̀ sábẹ́ ìdérí ìkòkò tó o bá ṣí i. Omi yẹn ló ń bá láká jáde. Abẹ́ táńkì ẹ, tó o bá wò ó, bóòtù kékeré kan wà níbẹ̀, tàbí ẹnu fáàfù tí wọ́n ń yí. Ṣé o ti ṣí i rí látìgbà tó o ti rà á? Ṣí i lálẹ́ òní, díẹ̀díẹ̀, nígbà tí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ bá ti rẹlẹ̀. Ohun tó máa jáde á pọ́n, á ní ìpatà nínú, má jẹ́ kó yà ẹ́ lẹ́nu. Lójoojúmọ́ tó o bá lò ó ni kó o máa já a, lásìkò òjò mò ń já a lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyẹn nìkan ò tó. Ra fílítà omi, èyí tó ní ife dígí tàbí ike lábẹ́ tó o lè máa wo omi inú ẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe ni pé ẹnu kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ gan-an ni wọ́n ń so ó mọ́. Afẹ́fẹ́ ṣì gbóná níbẹ̀, omi ò tíì di omi, ooru ni, á gba inú fílítà kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, á wá di omi nínú hóòsì. Jẹ́ kí hóòsì tàbí páìpù tó bíi mítà méje láàárín kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ àti fílítà kí afẹ́fẹ́ náà ráàyè tutù. Fílítà kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ìdí gọ́ọ̀nù, ó dáa kó o fi kún un, àmọ́ má gbójú lé òun nìkan.

Ojú ẹja tó o ń rí yẹn, omi lè fà á, òróró náà lè fà á. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tòkunbọ̀ tí ríìngì ẹ̀ bá ti jẹ máa ń tu ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́. Dán an wò: mú bébà funfun tó mọ́, fẹ́ afẹ́fẹ́ lásán sí i láti ẹnu hóòsì fún bí ìdajì ìṣẹ́jú, tó o bá rí àbààwọ́n, o ti mú olè. Tí bébà bá mọ́, ara igi ni kó o wò. Ìpara tí ọmọ iṣẹ́ ẹ fi pa ọwọ́, ìpara irun, pọ́líìṣì onísílíkọ́ọ̀nù tí wọ́n fi nu àga ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, gbogbo ẹ̀ ń ṣe é. Mo ti rí wọ́dúróòbù tó lu ihò ní ìrísí ìka márùn-ún, bí ẹni tó fi ọwọ́ tẹ̀wé.

Ọ̀rọ̀ píréṣọ̀ wá, àwọn tó ní kó o gbé e sókè àti àwọn tó ní kó o rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó béèrè irú gọ́ọ̀nù tó ò ń lò nínú wọn. Wo ara ẹ̀. Tí wọ́n bá kọ HVLP sí i, ìyẹn gọ́ọ̀nù tó ń lo afẹ́fẹ́ púpọ̀ ní píréṣọ̀ kékeré, púpọ̀ nínú wọn ń fẹ́ bíi PSI 26 sí 29 (PSI ni wọ́n fi ń wọn píréṣọ̀) ní ìdí gọ́ọ̀nù. Tó bá jẹ́ àwọn ti àtijọ́, 40 sí 50. Iye tí wọ́n bá tẹ̀ sára tìẹ ni kó o tẹ̀ lé. Kì í ṣe gééjì orí táńkì lò ń wò o, ìyẹn lè wà ní 100 ju bẹ́ẹ̀ lọ, rẹ́gúlétọ̀ ló ń bu èyí tí gọ́ọ̀nù fẹ́ fún un. So gééjì kékeré mọ́ ìdí gọ́ọ̀nù, fa tírígà mọ́ra, ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń jáde ni kó o kà á, torí tó o bá kà á nígbà tí tírígà wà ní jẹ́jẹ́, irọ́ ló ń pa fún ẹ.

Nǹkan kan tún wà tí ẹni tó ta gọ́ọ̀nù fún ẹ ò ní sọ. HVLP máa ń jẹ afẹ́fẹ́ púpọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́ CFM 8 sí 14, ìyẹn iye afẹ́fẹ́ tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú kan, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ 2HP bíi tìẹ ò sábà ju CFM 5 sí 7 lọ. Ìyẹn ni pé bó o bá fín ìlẹ̀kùn kan dé ìdajì, ọwọ́ gééjì á ti máa bọ̀ nílẹ̀, láká á bẹ̀rẹ̀ sí í tutọ́ kókókó, èèpo ọsàn dé nìyẹn. Kò túmọ̀ sí pé o fowó ṣòfò. Tú ìlẹ̀kùn kúrò lára kábíńẹ́ẹ̀tì, tú dúrọ́ọ̀, fín wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó o dúró kí táńkì tún kún. Ìgbà tí owó bá yọ, gọ́ọ̀nù tí kì í jẹ afẹ́fẹ́ púpọ̀ wà, LVLP ni wọ́n ń kọ sí i. Hóòsì tí inú ẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 10 náà á ràn ẹ́ lọ́wọ́, èyí tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn fọ́kanáísà ń lò ń fún gọ́ọ̀nù lọ́rùn.

Gọ́ọ̀nù ní ibi mẹ́ta tí wọ́n ń yí: ọ̀kan fún bí fífẹ̀ ìkuukùu ṣe tó, ọ̀kan ní ẹ̀yìn fún iye láká tó ń jáde, ọ̀kan ní ìsàlẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Má dán wọn wò lórí iṣẹ́ kọ́sítọ́mà, mú páálí ńlá. Gbé gọ́ọ̀nù síwájú ẹ̀, fa tírígà, fi í sílẹ̀ kíá, kó o wo àpá tó fi sílẹ̀. Ó yẹ kó gùn gbọọrọ, kó nípọn bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tó bá pọ̀ láàárín tó ṣá lókè àti nísàlẹ̀, láká ti ki jù tàbí afẹ́fẹ́ ò tó. Tó bá pín sí méjì bí ìdí ẹ̀wà, afẹ́fẹ́ pọ̀ jù fún láká tó ń jáde. Tó bá tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ihò kan ti dí. Yí kápù iwájú po ní ìdajì kó o tún fín in: tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà bá yíjú sí apá kejì, kápù ló dọ̀tí, tó bá ṣì kọjú síbi tó kọjú sí tẹ́lẹ̀, nọ́sùlù inú ni. Má fi ìṣó tàbí wáyà yọ ọ́ o, tó o bá ti fẹ ihò yẹn lójú, gọ́ọ̀nù ti lọ. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tó o tì bọ inú tínà, òun lèmi ń lò. Fún láká, nọ́sùlù 1.3 tàbí 1.4 ló dáa, fún sáńdìn síílà tó ki, èyí tí a ń fín sára igi kí láká tó dé, 1.8 sókè.

Láká tó o máa dà sí i, rò ó dé ìsàlẹ̀ agolo, fi tínà tiẹ̀ gan-an pò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára agolo, kó o fi sítọ́kìn obìnrin tó ti gbó tó o fọ̀ mọ́ sẹ́ ẹ. Má fi pẹtiróòlù pò ó, má sì fi fọ gọ́ọ̀nù. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é káàkiri, tí tínà bá wọ́n wọ́n á ní nǹkan kan náà ni, kì í ṣe nǹkan kan náà, ó ń ba láká jẹ́, ó sì tètè ń gbiná ju bó o ṣe rò lọ.

Ọwọ́ wá kù. Na àtẹ́lẹwọ́ ẹ dáadáa, láti orí àtàǹpàkò dé orí ọmọńdinrín, bí gọ́ọ̀nù ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí igi tó nìyẹn, bíi íńṣì mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo búrọ́ọ̀ṣì pẹ́, ọrùn ọwọ́ lẹ máa ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni ń gbálẹ̀, àárín á gba láká púpọ̀, á ṣàn, etí méjèèjì á gbẹ hàràhàrà. Gbogbo apá ni kó lọ láti èjìká, kí ẹnu gọ́ọ̀nù kọjú sí igi gbọọrọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kó o tó fa tírígà, ní ìta etí pákó, kó o sì ti kọjá etí kejì kó o tó fi í sílẹ̀. Ìlà tó tẹ̀ lé e, kó bo ìdajì ti àkọ́kọ́. Fúyẹ́ fúyẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta sàn ju kíki lẹ́ẹ̀kan lọ, jẹ́ kó fẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 tàbí bí agolo bá ṣe wí láàárín wọn.

Funfun tó ń dé lọ́jọ́ òjò, ẹ̀bi ẹ kọ́ ni, ẹ̀bi gọ́ọ̀nù kọ́. Tínà tó ń yára gbẹ máa ń mú kí ojú igi tutù, ìrì á sẹ̀ sí i, láká á pa omi náà mọ́ inú. Ní oṣù kẹfà àti ìkeje, èmi kì í fín NC kó tó di bí aago mọ́kànlá àárọ̀, mo sì ti ń kó gọ́ọ̀nù wọlé kí oòrùn tó rẹlẹ̀. Béèrè fún tínà tí kì í tètè gbẹ, ritáádà ni wọ́n ń pè é lọ́jà, díẹ̀ ni wọ́n ń fi kún un.

Tó o bá ṣe tán, pa kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, yọ hóòsì, fa tírígà kí èyí tó kù jáde tán, ìgbà yẹn lo tó lè tú u. Má ki ìka sẹ́nu ẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ wà nínú ẹ̀ láé. Ọmọ iṣẹ́ tó bá gbé hóòsì dojú kọ ẹlòmíì láti fi ṣeré, èmi ò ní dà á ro, ọjọ́ náà ló ń kó ẹrù ẹ̀, torí afẹ́fẹ́ yẹn lè gba ojú egbò wọ inú ara, ó lè fọ́ etí, ó lè fọ́ ojú, tí wọ́n bá fi sí ìdí èèyàn ó lè ya ìfun. Má sì fi gbọn eruku ara ẹ. Wọ gógù, wọ gílọ́ọ̀fù náítíráìlì, èyí funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lò ní ọsibítù ń tètè bàjẹ́ nínú tínà. Kápù, nọ́sùlù àti abẹ́rẹ́ ni kó o kó sínú tínà, má ri odindi gọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́, á jẹ gbogbo wáṣà inú ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, fa òrùka sẹ́fitì fáàfù orí táńkì, kó o rí i pé ó ṣì ń tu afẹ́fẹ́. Táńkì tó bá ti ń jò nítorí ìpatà, má gbé e fún wẹ́dà, irin ni kó o fi tà, mo ti rí àwọn tó fi sílíńdà gáàsì ìdáná ṣe táńkì, mi ò ní jókòó sí ṣọ́ọ̀bù yẹn kódà kí wọ́n gbé oúnjẹ fún mi.

Àwọn ìlẹ̀kùn tó ti bàjẹ́ nílẹ̀ yẹn, má tíì kó wọn dànù. Èyí tó rí bí èèpo ọsàn àti èyí tó ṣàn, jẹ́ kí wọ́n gbẹ di ọjọ́ kejì, wé sáńpépà 400 mọ́ igi pẹrẹsẹ, fi ha wọ́n títí ojú á fi tẹ́jú, nu eruku, kó o fín in fúyẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó funfun, dúró de ọjọ́ tí oòrùn bá ràn, fín tínà oníritáádà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ sí i lójú, á mú púpọ̀ nínú ẹ̀ lọ. Èyí tó lu ojú ẹja ló máa dà ẹ́ láàmú, tó o bá fín òmíràn lé e lórí, ihò yẹn á tún yọjú padà, ha á dé igi, kó o fi àkísà mímọ́ àti tínà nù ún sí ọ̀nà kan ṣoṣo, kó o máa pààrọ̀ àkísà. Páálí àkọ́kọ́ tó o bá fín lẹ́yìn tó o ti já omi táńkì, kọ iye PSI sí i lára, kó o mú un wá hàn mí ní Sátidé. Ọjọ́ yẹn la máa ń tú gọ́ọ̀nù fọ̀, mú tìẹ náà dání.